Èdè Mẹ́ta

Èdè mẹ́ta ni mo gbé kọjá bódà Sẹ̀mẹ̀:
Yorùbá tí mo bá nínú ọmú ìyá mi ní Àjàṣẹ́,
Ẹ̀gùn tí mo fi ń ná ọjà,
Faransé tí tíṣà fi pàṣán tì sí mi létí.
Aṣọ́bodè tú báàgì mi dé ìsàlẹ̀,
ó ka yẹ̀rì mi, ó gbọn bàtà,
ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbí."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá.
Àṣé òótọ́ ló sọ.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Ẹ̀pẹ́.
Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ kí mi,
lẹ́yìn náà yànmùyánmú,
lẹ́yìn náà Àǹtí Kúbúrátù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì:
"Ìwọ ni ará Kútọnu tí wọ́n ní yóò wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́?
Wọlé. Fi bàtà sílẹ̀. Ṣé o máa ń jẹ ẹ̀bà?"

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sí èyí tó ń gbọ́ràn
(mi ò pè wọ́n ní aláìgbọràn o,
etí ni mo ń wí).
Mo ti rò ó lọ́nà pé ilé adití yóò pa rọ́rọ́.
Irọ́ ńlá.
Abọ́ ń ró, ilẹ̀kùn ń gbá gbàà,
ẹsẹ̀ ń lu pákó kí ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè wẹ̀yìn,
ẹ̀rín sì ń jáde bó ṣe wù ú,
torí ẹni tó ni ín kò mọ bó ti ń dún.
Èmi nìkan ni mo dákẹ́.

Nígbà tí mo jàjà lanu, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o."
Wọ́n ń wo ẹnu mi bí ẹni ń ṣọ́ ihò eku.
Nǹkan kan kò jáde.

Lọ́jọ́ kejì mo fi ìka bèèrè omi;
n kò mọ ohun tí ìka náà sọ.
Ráúfù sáré, ó gbé ìgbálẹ̀ wá.
Mo gba ìgbálẹ̀. Mo gbá ilẹ̀.
Òǹgbẹ ń gbẹ mí, mo gbá a títí dé ẹnu géètì.

Ìyá mi pè lálẹ́: "Òkè òkun ńkọ́?"
Mo ní, "Màámi, ọ̀sà ni, kì í ṣe òkun."
Ó ní, "Ṣé ò ń ràn wọ́n lọ́wọ́?"
Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì lórí itan,
wọ́n sùn sílẹ̀ bí ẹja ọjà alẹ́ tí ẹnì kan ò rà.
Ọwọ́ gan-an ni mi ò ní, Màámi.
Mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Mò ń gbìyànjú."

Tàwákálítù kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ.
Ó fà mí jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná,
ó ń ká ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín,
ó tú u, ó tún un ká, ó pòṣé
(òṣé náà dún ketekete),
ó tún bẹ̀rẹ̀.
Omi. Iyọ̀. Wá. Ó tó.
Ó tó ni mo kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ kẹrin mo rí i
pé tí wọ́n bá fẹ́ tọ́ka sí mi,
wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọrùn ara wọn, pà.
Mo rò pé ẹ̀gàn ni.
Àǹtí Kúbúrátù rẹ́rìn-ín títí ìbòrí rẹ̀ fi yẹ̀:
"Orúkọ rẹ nìyẹn.
Ṣé o ò rí bí o ti ń lu yànmùyánmú láti ọjọ́ tí o ti dé?
Ará Jámánì tó wá ṣíwájú rẹ lo oṣù kan,
wọn ò sọ ọ́ ní nǹkan kan."

Ní Àjàṣẹ́ wọ́n pa àgbò,
wọ́n sọ mí ní Sàbìrátù.
Ní Ẹ̀pẹ́, kòkòrò ló sọ mí lórúkọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà iná lọ lójijì.
Mi ò rò ó rí,
pé tí iná bá lọ, ọ̀rọ̀ wọn á já láàárín:
ìtàn Ráúfù dúró síbi tí ọ̀nì ti yanu.
Mo na ọwọ́ sínú òkùnkùn, mò ń wá tọ́ọ̀ṣì.
Ọwọ́ kékeré kan bà lé ọrùn mi,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
kò sí yànmùyánmú níbẹ̀.
Mo yíjú síbi tí wọ́n ti pè mí.